Owó Iṣẹ́ Ọ̀rẹ́: Ẹ Jẹ́ Kí Òṣùwọ̀n Kún Ná, Kí A Tó Fi Èènì Sí I

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Ọ̀rọ̀ iye tó yẹ kí ọ̀rẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ni. Ó ti dé iwájú ìgbìmọ̀, a sì ti parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan gbogbo wa.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹja inú yìnyín ló ní bọ́ọ̀sì tó fi ń kó ẹrù. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ ẹja. Yìnyín á máa yọ́, omi ẹja á máa kán, ilẹ̀ ọkọ̀ kì í sì í gbẹ. Irin tí omi àti afẹ́fẹ́ bá jọ ń bá jà, dandan ni kó dípẹtà, bí iyọ̀ bá sì wà nínú omi náà, á tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tòkunbọ̀ sì ni bọ́ọ̀sì ọ̀hún. Lọ́pọ̀ ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí ọkọ̀ má baà yọ̀ lórí yìnyín. Ìpẹtà lè ti wà lábẹ́ ọkọ̀ kó tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa rárá.

Arábìnrin wa gbé e lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí ìyàwó rẹ̀ náà ń tajà láàárín wa. Ó bi í pé, "Ọ̀rẹ́ mi, èló ni?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ kẹ̀! Ṣé èmi ni màá wá máa dá iye lé ẹ lórí? Ohun tó o bá ti ní, mú un wá."

Inú arábìnrin wa dùn, ló bá mú ìwọ̀nba owó wá. Owó náà kò ra ṣíìtì irin, kò sì ra kábáídì tí wọ́n fi ń jórin. Ojú sì ń ti ọkùnrin náà láti sọ bẹ́ẹ̀. Ló bá ṣe ohun tí agbára owó náà ká. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú ìpẹtà, ó fi fílà dí ihò, ó kun ọ̀dà lé e lórí. Ilẹ̀ ọkọ̀ ń dán gbinrin. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú òjò, ọmọ tó ń bá wa gbẹ́rù gbé páálí ẹja wọ inú ọkọ̀, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá já wọlẹ̀ lọ. Irin ya á lójúgun. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ọkọ̀ wà ní ìdúró. Ká ní orí eré ni ńkọ́?

Bí ìjà ṣe dé nìyẹn. Ìyá ẹlẹ́ja ní ọ̀rẹ́ òun ṣe iṣẹ́ gbájúẹ̀ fún òun. Ọkùnrin náà ní owó tí wọ́n mú wá kò tó ra ohun èlò, òun kàn bo ọ̀rẹ́ òun láṣìírí ni. Ìyàwó ọkùnrin náà àti ìyá ẹlẹ́ja kò kí ara wọn mọ́. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún ó lé, nítorí ihò inú bọ́ọ̀sì!

Èrò tiwa ni pé àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Èyí tí kò lè la ẹnu sọ iye jẹ̀bi, èyí tí kò bi í lẹ́ẹ̀kejì náà jẹ̀bi. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta. Ẹni tó san owó fílà, fílà náà ló gbà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kò mọ̀ pé fílà ni òun rà.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ tiwa wò ó. Bí ọ̀rẹ́ wa bá wá ra gààrí kóńgò kan, ṣé a máa ń dín kóńgò náà kù nítorí pé ọ̀rẹ́ ni? Rárá o. A ó wọ̀n ọ́n kó kún, kó ga téńté, lẹ́yìn náà la ó wá fi ọwọ́ bu èènì lé e. Ẹni tó ń rà rí ohun tó fowó rà, ó sì rí ohun tí a fún un. Bó ṣe yẹ kí owó iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rí gan-an nìyẹn. Kí oníṣẹ́ ọwọ́ kọ́kọ́ sọ iye tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an, kó tó sọ iye tí òun yọ kúrò nítorí ọ̀rẹ́.

Ìbéèrè wá ni pé, kí ló lè yọ? Ẹ wo iṣẹ́ náà. Ìpẹtà kì í ṣe ohun tí à ń kun ọ̀dà lé. Ihò tó tó orí ìṣó lókè lè tó àtẹ́lẹwọ́ nísàlẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á gé irin tó ti jẹrà kúrò títí á fi kan irin tó gbó, á gé ṣíìtì tuntun, á jó o mọ́ ọn, á lọ ojú rẹ̀, á sì kun ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà sí i lókè àti nísàlẹ̀. Fílà wà fún kí ojú ara ọkọ̀ lè tẹ́jú, kì í ṣe fún ibi tí èèyàn ń tẹ̀.

Owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni owó ohun èlò: ṣíìtì, gáàsì tàbí kábáídì, ọ̀dà. Èkejì ni owó àwọn ẹlòmíì: oúnjẹ ọmọ iṣẹ́, epo jẹnẹrétọ̀, owó ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni owó ọwọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí nìkan ni tirẹ̀. Nínú rẹ̀ ló ti lè bu èènì. Bó bá bu ú nínú èkíní, irin ló dín kù. Bó bá bu ú nínú èkejì, oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ ló fi ń ṣe ọ̀rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe é, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká sọ pé ohun èlò jẹ́ ₦70,000, owó àwọn ẹlòmíì jẹ́ ₦20,000, owó ọwọ́ ọ̀gá jẹ́ ₦40,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦130,000. Kó là á mọ́lẹ̀ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, ₦130,000 ni mò ń gbà lọ́wọ́ aráyé. Mo fi ₦20,000 ta ọ́ lọ́rẹ, san ₦110,000." Bó bá fẹ́ràn ẹni náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ gba nǹkan kan fún wàhálà ara rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbà tó dín ní ₦90,000. Ibi tí ọ̀rẹ́ parí sí nìyẹn.

A mọ ohun tí àwọn kan nínú wa máa sọ. Wọ́n á ní, "Bí n kò bá ní ₦90,000 ńkọ́?" Ọ̀nà wà. Ẹ jọ jókòó, kí ẹ kọ́kọ́ tún ilẹ̀ ọkọ̀ àti ibi tó lè pa èèyàn lára ṣe, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àti ọ̀dà tó ń dán sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Tàbí kó ṣe é láwìn, kí ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó san án, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn mìíràn á ní, "Èmi náà ń fún un lẹ́ja." Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dá iye lé ẹja náà, kí ẹnì kan má rò pé òun lòun ń fún ẹnì kejì jẹ.

Ohun kan ṣì kù. A kì í mọ bí ìpẹtà ṣe tó títí a ó fi ṣí kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ ṣèlérí pé bí òun bá rí ju èyí tí a dá iye lé lọ, òun á pè wá wò ó kí òun tó gé e. Ẹ má sì máa fi owó àtijọ́ bá wọn jà. Láti ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì já wálẹ̀, ṣèbí àwa náà ti pààrọ̀ iye ọjà wa.

Ká má purọ́, àwa gan-an lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Bí ọ̀rẹ́ bá ní ká ta ẹja fún òun ní iye tí a rà á, inú á bí wa. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀dọ̀ télọ̀ tàbí ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà, a ó ní, "Ṣèbí ọ̀rẹ́ ni wá?" Ọ̀rẹ́ tòótọ́ kì í fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ gbèsè nítorí òun.

Ní ti àwọn méjì yìí, wọ́n ti jọ san owó ìtọ́jú ọmọ náà. Ìyá ẹlẹ́ja san owó ṣíìtì, ọkùnrin náà fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lójú gbogbo wa kí òòlù tó kan irin. Àwọn obìnrin méjèèjì ti ń kí ara wọn. Ẹ̀yin tó lọ́kọ̀ ẹja, ẹ máa fi omi tó mọ́ ṣan ilẹ̀ ọkọ̀ yín lálaalẹ́, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn kó gbẹ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi owó ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ajé á jókòó tì wá o. Àmín.