Yorùbá Kọ́ Ló Fìdí Rẹmi ní WAEC

Ìpàdé lórí ètò ẹ̀kọ́ tó wáyé ní Àkúrẹ́ lọ́dún 2025 parí, ìjọba àpapọ̀ sì kéde àbájáde rẹ̀ ní Àbújá: láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ Òmù-Àrán àti ọmọ Èsìẹ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà ní Kwárà. Ohun tó ń bí wa nínú ni ẹ̀rí tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, gbé kalẹ̀: pé níbi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù ní WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ jẹ́ ká fi ìka ka ọdún rẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ́dún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì kẹrin ni lọ́dún 2025. Ẹni tó ṣe WAEC lọ́dún 2025 ti wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2013. Èwo wá ni ọmọ tí ìlànà yìí bà jẹ́? Ẹ pè é jáde ká rí i! Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní tíṣà wà ńlẹ̀, èyí tí kò ní ìwé wà ńlẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ̀rí tòótọ́ kò sì jìnnà. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Modákẹ́kẹ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí tíṣà ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ta àwọn ojúgbà wọn yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ tún wo èdè náà fúnra rẹ̀. Bí ọmọ Ìgbómìnà bá gbọ́ pé ẹnìkan "na pápá bora," kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé e: pápá wà lẹ́yìnkùlé wọn, ó sì ti rí ọ̀yà tó sá wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi "jápa" rọ́pò ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ewu ti di ọ̀rọ̀ ẹni tó gba físà. Inú wa dùn sí i, nítorí bí èdè tó wà láàyè ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí ọdún 2025 ṣe ń wọlé ni àwọn oníwèé atúmọ̀ èdè Oxford gba jápa wọlé, pẹ̀lú ẹ̀bà, gèlè àti àdìrẹ. Kí ọdún náà tó parí, àwọn tiwa lé èdè tó bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jáde ní kíláàsì.

Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì wúlò, ọmọ Nupe àti ọmọ Bàrùbá náà sì wà ní Kwárà. Ìyẹn kò sọ ẹ̀sùn asán di ẹ̀rí. Kí wọ́n yí ìpinnu náà padà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì gba tíṣà Yorùbá.

Ọdún 1945 ni wọ́n kọ́lé fún àwọn ère òkúta Èsìẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bí ọmọ Èsìẹ́ bá dúró níwájú wọn ní ogún ọdún sí i, èdè wo ni yóò fi bi bàbá àgbà rẹ̀ pé ta ni wọ́n?