Òjò Dídì Kò Mọ Akọ, Kò Mọ Abo: Kí Obìnrin Dán Síkì Wò Kó Tó Sanwó

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Aránṣọ tó bá gbọ́ pé obìnrin kan fẹ́ rán bùbá, tó mú àlùmọ́gàjí láìmú tépù, tó ní obìnrin ṣáà ni, òun mọ bí obìnrin ṣe ń rí, kò ní pẹ́ tí oníbàárà yóò fi tán lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá a kẹ́dùn. Síbẹ̀, ní àwọn ìlú olókè tí òjò dídì ti ń rọ̀, ní Utah àti Colorado ní Amẹ́ríkà, ní Austria àti ilẹ̀ Faransé, títí dé erékùṣù Hokkaido ní Japan, irú iṣẹ́ aránṣọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń ta síkì ń ṣe fún obìnrin, owó gọbọi ni wọ́n sì ń gbà lé e lórí.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Obìnrin wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń wá síkì tí òun yóò máa lò nígbà tí òjò dídì bá jìn. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè bí ó ti wúwo tó, bí ó ti ga tó, iye ọdún tó ti fi ń ṣe eré náà, tàbí irú òkè tó máa ń lọ, olùtajà ti nawọ́ sí apá kan ògiri: ti àwọn obìnrin nìyẹn. Ìbéèrè tó yẹ kó gbẹ́yìn ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́, nígbà mìíràn òun nìkan náà ni wọ́n ń bèèrè. Àṣà yìí ń jẹ owó obìnrin lásán, ó ń bà á láyọ̀ jẹ́ lórí òkè, ó sì ń gba ẹ̀tọ́ àtiyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tó àkókò kí wọ́n fòpin sí i.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò tíì fojú rí òjò dídì rí, síkì ni pákó gígùn méjì tí ènìyàn ń so mọ́ bàtà líle láti fi yọ̀ gẹ̀rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Èyí tí wọ́n ń lò lójú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í fẹ̀. Ìbàdí rẹ̀, ìyẹn ààrin ibi tí ẹsẹ̀ dúró sí, sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 70 sí 85. Ṣùgbọ́n bí òjò dídì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, tó jìn dé orúnkún, tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́, síkì tẹ́ẹ́rẹ́ a máa rì sínú rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ṣe síkì mìíràn fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: ìbàdí rẹ̀ a tó mìlímítà 105 sí 120, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, imú rẹ̀ a sì tẹ̀ sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó bá ti fi bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó rin ẹrẹ̀ rí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti sálúbàtà pẹlẹbẹ. Bí a bá tẹ́ ìwúwo sórí ààyè tó gbòòrò, kì í tètè rì.

Ìtàn síkì gbígbòòrò pàápàá jẹ́rìí sí èyí. Ní ọdún 1988, ilé iṣẹ́ Atomic ní Austria gbé síkì kan jáde tí wọ́n pè ní Powder Plus. Rupert Huber ló ronú rẹ̀, lẹ́yìn tó wo bí pákó ẹlẹ́yọ kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń dúró lé lórí ṣe ń léfòó lórí òjò dídì. Àwọn akọni orí òkè fi síkì náà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n ní ti àwọn arúgbó àti aláìmọ̀ọ́ṣe ni. Nígbà tó yá, Shane McConkey de ìdè bàtà síkì mọ́ pákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí omi, ó gbé e lọ sí òkè Alaska, ó sì fi hàn pé òjò dídì jíjìn fẹ́ fi ìwà jọ omi ju ilẹ̀ lọ. Láti inú èrò yẹn ni síkì Volant Spatula ti jáde ní 2002. Lónìí, kò sí akọni kan tó ń tijú síkì gbígbòòrò mọ́. Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sára síkì. Wọ́n gùn ún, wọ́n rí i pé ó dára. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ ọmọ aráyé ni pé ìwúwo, ìbú àti ọgbọ́n ẹsẹ̀ ni òjò dídì ń bá ṣe. Kò bèèrè akọ, kò bèèrè abo.

Báwo wáá ni síkì obìnrin ṣe di ẹ̀yà ọ̀tọ̀? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń ṣe kò ju pé kí wọ́n mú síkì ọkùnrin, kí wọ́n gé e kúrú, kí wọ́n mú un rọ̀, kí wọ́n sì ya òdòdó sí i lórí. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin kan dìde. Lára wọn ni Jeannie Thoren ní Amẹ́ríkà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni pé ara obìnrin púpọ̀ ń gbé ìwúwo rẹ̀ sí ibi tó yàtọ̀, àti pé bí wọ́n bá sún ìdè bàtà síwájú díẹ̀, tí wọ́n sì gbé gìgísẹ̀ sókè nínú bàtà, síkì tó ń bá obìnrin jà tẹ́lẹ̀ lè di èyí tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú iṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n wo ara ẹni tó dúró níwájú wọn, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì tún nǹkan ṣe bá a mu. Ọjà gba ẹ̀kọ́ náà, ó sì yí i padà di àkọlé.

Àwọn tó ń gbèjà síkì obìnrin ní ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ obìnrin fúyẹ́ ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ìgbà kan wà tí obìnrin kúkúrú kò lè rí síkì dáradára kankan tó kúrú tó fún un, àfi ti ọmọdé. Síkì obìnrin ló mú ìyẹn kúrò. Ó sì ní àwọn síkì obìnrin tó dára gidi: Black Pearl ti ilé iṣẹ́ Blizzard ti wà lára síkì tó tà jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gun irú rẹ̀, tó sì bá a lára mu, kó rà á, kó sì máa gbádùn rẹ̀ lọ.

Àmọ́ gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Obìnrin oníkílógíráàmù 50 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà àti obìnrin oníkílógíráàmù 85 tó ti fi ogún ọdún sọ̀kalẹ̀ láàárín igi àti àpáta kì í ṣe oníbàárà kan náà. Bí wọ́n bá fún ẹni kejì ní síkì rírọ̀ kúkúrú nítorí pé obìnrin ni, imú síkì náà yóò máa rì, yóò máa fi ẹ̀yìn gbé ara rẹ̀ sókè, itan rẹ̀ yóò sì máa jó fòfò kí ọ̀sán tó pọ́n. Yóò rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Bákan náà, ọkùnrin tín-ín-rín tí síkì rírọ̀ yẹn ì bá gbà là kò ní fọwọ́ kàn án, nítorí ìtìjú ògiri obìnrin. Àkọlé kan ṣoṣo, ẹni méjì ló pa lára.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ilé iṣẹ́ mìíràn, síkì ọkùnrin àti ti obìnrin jẹ́ ìkan náà láti imú dé ìrù. Àwòrán orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ní òmíràn, ìrísí kan náà ni, igi inú rẹ̀ ló fúyẹ́ díẹ̀. Gígùn ti obìnrin sì sábà máa ń parí níbi tí ti ọkùnrin ṣì ń gòkè lọ. Bí ìyàtọ̀ bá wà, kí wọ́n kọ ọ́ síta: bí ó ti wúwo tó, bí ó ti le tó, irú igi tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kí ni wọ́n ń pín ògiri sí méjì fún?

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn gan-an. Ìdè bàtà ni ohun tó ń tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ṣubú, kí eegun má baà ṣẹ́. Ìlànà àgbáyé kan wà tí wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀, ISO 11088 ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí àtẹ náà ń bèèrè ni ìwúwo ènìyàn, gíga rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀, àti bí ó ṣe ń sáré tó lórí òkè. Kò sí òpó fún akọ, kò sí òpó fún abo. Oníṣẹ́ tó ń ṣètò ìdè náà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ fojú díwọ̀n. Yóò bèèrè bí oníbàárà ti wúwo tó. Èéṣe tí ẹni tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà fi lè fojú díwọ̀n? Ìwádìí àwọn oníṣègùn sì ti fi hàn léraléra pé obìnrin tó ń fi síkì ṣeré máa ń farapa nínú orúnkún ju ọkùnrin lọ. Ohun tó ń fa èyí pọ̀, síkì nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ewu súnmọ́ jù ni ó yẹ kí wọ́n wọ̀n dáadáa jù.

Àwọn obìnrin tó mọ iṣẹ́ yìí jù lọ kò tẹ̀lé àkọlé. Lindsey Vonn, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé gbogbogbòò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, lo síkì àwọn ọkùnrin ní sáà 2011 sí 2012. Ní sáà yẹn ló gba ẹ̀kẹrin. Èyí kò fi hàn pé síkì ọkùnrin ló dára fún gbogbo obìnrin. Ohun tó fi hàn ni pé ó dán an wò, ó rí i pé ó bá agbára òun mu, ó sì yàn án.

Èrò tó ń fi àkọlé ṣáájú ìdánwò ti pẹ́ nínú eré yìí. Láti 1924 tí Olympics ìgbà òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ní Chamonix ni àwọn ọkùnrin ti ń fi síkì fò níbẹ̀. Ọdún 2014, ní Sochi, ni wọ́n tó gba obìnrin láàyè. Títí di Olympics 2026 ní ilẹ̀ Ítálì, ìdíje tó pa fífò pọ̀ mọ́ síkì sísá ṣì jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Àwọn mìíràn ló ń pinnu ohun tí obìnrin lè ṣe kí ó tó gun òkè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ọmọ Yorùbá. Seun Adigun fi pákó kan ọkọ̀ orí yìnyín fúnra rẹ̀ ní Houston, níbi tí yìnyín kò sí, kí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí ohun fi ṣe ìdánrawò. Ní 2018, òun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, pẹ̀lú Simidele Adeagbo tó wà nínú ìdíje tirẹ̀, ló kọ́kọ́ gbé àsíá Nàìjíríà dé Olympics ìgbà òtútù, ní Pyeongchang. Àwọn ọmọbìnrin tí òbí wọn ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá sí Denver tàbí Toronto náà ń gun òkè nísinsìnyí. Ẹni tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìdílé rẹ̀ kò ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí yóò sọ fún un pé irọ́ ni ògiri yẹn ń pa. Òun ni àkọlé ń ṣì lọ́nà jù.

Kí wáá ni ṣíṣe? Kí obìnrin yá síkì kó tó rà á. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń yá ènìyàn ní síkì fún ọjọ́ kan, àwọn kan a sì yọ owó náà kúrò nínú iye tí yóò fi rà á. Kí ó dán síkì òjò jíjìn wò ní ọjọ́ tí òjò dídì bá jìn. Lórí ilẹ̀ líle, gbogbo síkì gbígbòòrò ló ń lọ́ra, ìdájọ́ tí ènìyàn bá ṣe níbẹ̀ kò tọ́. Kí ó gun mẹ́ta ó kéré tán, pẹ̀lú bàtà tirẹ̀, lórí òkè kan náà: ọ̀kan láti ògiri obìnrin, ọ̀kan láti ògiri ọkùnrin, àti ọ̀kan tó gùn ju èyí tí wọ́n yàn fún un lọ. Síkì tí imú àti ìrù rẹ̀ tẹ̀ sókè kì í gùn lẹ́sẹ̀ tó bí tépù ṣe wí. Kí ó ní kí wọ́n sún ìdè bàtà síwájú tàbí sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì. Kí ó wò ó bóyá imú ń léfòó, bóyá ó ń yí láàárín igi láìsí ìjà. Kí ó sì tún un gùn lọ́sàn-án, nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti tú òjò dídì náà ká, nítorí òwúrọ̀ nìkan ni ẹ̀lùbọ́ náà fi ń wà ní kíkúnná.

Àmọ́ ẹrù náà kì í ṣe ti obìnrin nìkan. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe gígùn gbogbo síkì láti kúkúrú dé gígùn gan-an. Kí àwọn ìwé ìròyìn tó ń dán síkì wò má ṣe fi síkì kan mọ sọ́wọ́ obìnrin, òmíràn sọ́wọ́ ọkùnrin. Kí wọ́n kọ ìwúwo àti ìrírí olùdánwò sí ẹ̀gbẹ́ èrò rẹ̀. Kí àwọn ṣọ́ọ̀bù wó ògiri méjì náà, kí wọ́n to síkì bí ìbú àti gígùn rẹ̀ bá ṣe rí. Kí òṣùwọ̀n tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wá síwájú. Ọjọ́ tí olùtajà bá kọ́kọ́ bèèrè ìwúwo, gíga àti òkè tí oníbàárà ń lọ, ọjọ́ náà ni síkì tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ yóò tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.