Ẹ má wa irun tó wọnú awọ bí ẹni ń wa iṣu

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tó ń gbé ní Yeoville, níbí ní Johannesburg, kọ̀wé sí wa nítorí ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ sìkiọ́rítì ni ọkọ náà ń ṣe. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ rí irùngbọ̀n lójú ẹnikẹ́ni, nítorí náà àràárọ̀ ló ń fá a. Àgbọ̀n àti ọrùn rẹ̀ ti kún fún kókó wínníwínní, àwọn kan dúdú kirikiri, àwọn kan ní ọyún lórí. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Sunday, á jókòó síwájú jígí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, á máa wa irun jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wá ń ba ìyàwó lẹ́rù ni pé abẹ́rẹ́ kan náà ni ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti ń mú lò sí ẹ̀yìn ọrùn tirẹ̀. Ó béèrè pé ṣé ewu wà ńbẹ̀, àbí òun kàn ń da ara òun láàmú ni.

Ewu wà ńbẹ̀, ìyá wa. Àmọ́ irun yẹn ṣeé yọ nílé láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kán sílẹ̀, bí èèyàn bá mọ ohun tó gbé e wọlé.

Irun àwa èèyàn dúdú kì í hù tààrà. Ihò tó ti ń jáde lábẹ́ awọ pàápàá tẹ̀ bí ọrun. Tí abẹ bá gé irú irun bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ á mú ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Bó ṣe ń hù padà, dípò kó máa lọ sókè, á tẹrí ba, á gún awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì wọlé. Òmíràn ò tiẹ̀ jáde rárá. Tí a bá na awọ le nígbà tí à ń fá a, tàbí tí a lo réésà olójú mẹ́ta tàbí márùn-ún, irun á gé kọjá ojú awọ, á sá wọlé, inú lọ́hùn-ún ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í gún ara. Ara ò mọ̀ pé irun òun ni. Bó ṣe máa ń ṣe sí ẹ̀gún tó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ náà ló ń ṣe sí i: á wú, á yún, nígbà míì á ṣe ọyún. Ìdí nìyẹn tí ìpara apakòkòrò tí ọ̀pọ̀ ń sáré rà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án níbẹ̀rẹ̀. Kòkòrò kọ́ ló dá a sílẹ̀. Irun ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yọ irun tó ti wọlé, kó kọ́kọ́ gbé abẹ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n òun ni oògùn tó jù. Tí irun bá gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan, á fa ara rẹ̀ yọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí àwọn irun tuntun náà á fẹ́ wọlé. Ẹ fara dà á, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń padà sídìí abẹ nìyẹn.

Láàárín àkókò yìí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ọ̀rẹ́ yín. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ ki aṣọ ìnura kékeré tó mọ́ bọ omi náà, ẹ fún un, kí ẹ gbé e lé ojú ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá tutù, ẹ tún un kì bọ omi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan, ra ojú ibẹ̀ yí po díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò o. Òun ló máa ń tú ẹnu irun tó rọ̀ mọ́ awọ. Kànìnkànìn líle kò dára fún un, egbò ló máa dá síbẹ̀.

Kìkì ìgbà tí ẹ bá rí irun náà lójú kòrókòró, tó ká bí òrùka lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí tí àárín rẹ̀ yọ síta, ni ẹ lè fi irin kàn án. Ẹ ra abẹ́rẹ́ oníṣègùn tí wọn ò tíì ṣí nílé oògùn, kì í ṣe èyí tó wà nínú agolo òwú, tàbí kí ẹ lo ẹ̀mú kékeré tí ẹ ti fi spírítì nù dáadáa tó sì ti gbẹ. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ òrùka yẹn, kí ẹ gbé irun náà sókè títí orí rẹ̀ á fi jáde. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fà á tu. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: tí ẹ bá fà á tu, òmíràn á hù láti ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ á tún mú, á sì tún lè wọlé lójú kan náà. Tí ẹ bá ti rí ẹ̀jẹ̀, ẹ ti kọjá ààlà. Tí ẹ ò bá sì rí irun kankan, àfi kókó, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ máa wa jáde níbẹ̀ ju àpá lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ó le koko lóòótọ́. Awọ wa tètè máa ń ṣe àpá tó wú, tó ga ju egbò tó bí i lọ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní keloid. Irun lè jáde lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Irú àpá bẹ́ẹ̀ lè bá èèyàn dàgbà.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjọlò wá kù. Ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn tó ní kòkòrò HIV lára ju mílíọ̀nù méje lọ, àwọn kan ò sì mọ̀ pé àwọn ní in. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní hepatitis B tiẹ̀ le ju ìyẹn lọ lórí irin: ó lè wà láàyè fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ. Ẹni tó bá ní kí kálukú ní tirẹ̀ kò fura sí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Bí a ṣe ń ya búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sọ́tọ̀ náà ni ká ya abẹ́rẹ́, réésà àti ẹ̀mú sọ́tọ̀. Bàbá pẹ̀lú ọmọ, tọkọtaya, kò yọ ẹnìkan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá rìn láàárín ìlú Johannesburg á rí àgọ́ wọn lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú jígí kan, àga kan àti bátìrì ọkọ̀ tó ń gbé iná fún kílípà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ wọn sì mọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Nonhlanhla Khumalo, onímọ̀ nípa awọ àti irun ní Yunifásítì Cape Town, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí kílípà 50 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onígbàjámọ̀. Wọ́n rí àmì ẹ̀jẹ̀ lára púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì rí kòkòrò hepatitis B lára díẹ̀. Orí fífá korodo, tí àwọn ará ibí ń pè ní chiskop, ló máa ń mú kí awọ bẹ́ jù. Mo fara mọ́ àṣà àwọn tó ń gbé kílípà tiwọn lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àìsàn, onígbàjámọ̀ gidi kò sì ní bínú sí i.

Ti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn ló ká mi lára jù, torí kókó ẹ̀yìn ọrùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà gan-an pẹ̀lú ti àgbọ̀n. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí irorẹ́ kéékèèké tó ń yún ní ìpàkọ́, níbi tí irun parí sí. Tí a bá jẹ́ kó pẹ́, á le, á so pọ̀, á di àpá gbọọrọ tí irun ò ní hù níbẹ̀ mọ́. Nínú ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Khumalo kan náà ṣe ní Cape Town ní 2007, ó tó nǹkan bí ọkùnrin kan nínú mẹ́wàá tó ní in. Kò sí abẹ́rẹ́ tó lè yọ ọ́. Kí ọmọ náà jẹ́ kí irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ gùn díẹ̀, kí onígbàjámọ̀ má fi bíléèdì tọ́ ìlà síbẹ̀, kó yẹra fún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó ń há a, kó má sì máa họ ọ́. Tètè gbé e lọ sí clinic, nígbà tí kókó náà ṣì kéré tó sì rọ̀. Ìgbà yẹn ni ìpara ṣì lè mú un.

Nípa àwọn nǹkan tí à ń fi pa á: spírítì tí onígbàjámọ̀ ń da sórí lẹ́yìn gígẹ̀ irun kàn ń ta èèyàn ni, ó sì ń gbẹ awọ, bẹ́ẹ̀ òtútù oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ níbí ti gbẹ ẹ́ tó. Òrí díẹ̀ sàn jù ú lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ burú: tí oòrùn bá ràn sí omi rẹ̀ lára èèyàn, ó lè bó awọ bí iná. Èyí tó sì léwu jù ni ìpara tí wọ́n ń tà fún àmì dúdú tí kókó fi sílẹ̀. South Africa fòfin de hydroquinone nínú ìpara ìṣaralóge láti 1990, síbẹ̀ ó ṣì ń yọ́ wọ ọjà. Àmì dúdú yẹn á máa ṣá fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, tí kókó tuntun ò bá tún jáde. Ìpara hydrocortisone ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lè dín wíwú kù fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ bi apòògùn léèrè, ẹ má lò ó lọ fún oṣù.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà kó dá irùngbọ̀n sí ńkọ́? Kó lo kílípà tó máa fi nǹkan bíi mìlímítà kan sílẹ̀. Lójú ọ̀gá, ó ti mọ́. Tó bá jẹ́ réésà ni dandan, kó jẹ́ olójú kan, lẹ́yìn ìwẹ̀ olómi gbígbóná, pẹ̀lú ọṣẹ ìfárun tó hó dáadáa. Kó fá a síbi tí irun kọrí sí, kò gbọ́dọ̀ na awọ, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá lójú kan lẹ́ẹ̀mejì. Pàúdà tó ń jẹ irun náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó bá ju iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ, ó ń jó ojú. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lè kọ lẹ́tà pé awọ ẹni náà ò gba abẹ, kó mú un tọ ọ̀gá lọ pẹ̀lẹ́tù. Kì í ṣe àwáwí. Ní 1993, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ ilé iṣẹ́ pizza kan tó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ fárùngbọ̀n, wọ́n ní kó yọ̀ǹda fún àwọn èèyàn dúdú tí awọ wọn kò gbà á.

Ẹ̀yin obìnrin, bí ọ̀nà yìí ṣe rí fún àgbọ̀n náà ló rí fún abíyá àti irun abẹ́. Sísìsọ́ọ̀sì sàn ju abẹ lọ fún irun abẹ́, pàápàá fún aláboyún. Èyí tó bá sì rí i pé irun àgbọ̀n òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì ń ṣe ségesège, kó má kàn máa fà á tu. Kó jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má gbìyànjú yíyọ nílé rárá tí kókó náà bá gbóná tó sì ń tàn kálẹ̀, tí ibà bá bá a dé, tí ọyún rẹ̀ bá pọ̀, tó bá wà nítòsí ojú, tàbí tí ẹni náà bá ní àtọ̀gbẹ. Clinic ìjọba àdúgbò kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní medical aid. Nọ́ọ̀sì ló máa kọ́kọ́ rí yín, òun ló sì máa kọ lẹ́tà tí ẹ máa mú lọ bá oníṣègùn awọ ní ọsibítù ńlá bíi Chris Hani Baragwanath tàbí Charlotte Maxeke. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, ìlà máa ń gùn.