Ojú Alákàn Ò Tó Ṣọ́ Ẹ́ńjìnnì

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ to mọ́tò, tó fi ẹ́ńjìnnì alùpùpù sí i, tó wá so fáànù ràdíétọ̀ mọ́ súwíìṣì lásán lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò tíì parí iṣẹ́. Ó kàn sún ìbànújẹ́ síwájú ni. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn. Ó ti bí àwa náà nínú rí, kí ojú wa tó là.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe é. Kóòdù la ń kọ jẹun nílùú Òyìnbó, níbi tí títo mọ́tò nínú gáréèjì ti di àṣà ọjọ́ pípẹ́. Láti 1957 ni Colin Chapman ti gbé Lotus Seven jáde, tí èèyàn lè rà láìtò, kó lọ tò ó nílé ara rẹ̀. Ní 1996, Ron Champion kọ ìwé tó fi han mẹ̀kúnnù bí wọ́n ṣe lè fi irin àti mọ́tò àlòkù ṣe irú rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn wá rí i pé ẹ́ńjìnnì alùpùpù, irú bíi ti Suzuki Hayabusa tó jáde ní 1999, fúyẹ́, ó sì lágbára bí àńjọ̀nú. Ibẹ̀ làwa náà ti kó sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì alùpùpù ò mọ̀ pé wọ́n ti gbé òun kúrò lójú afẹ́fẹ́. Lórí alùpùpù, afẹ́fẹ́ ń lu ràdíétọ̀ ní tààrà. Nínú mọ́tò wa, inú imú mọ́tò ló wà, lẹ́yìn ihò kékeré kan. Bí ọ̀nà bá ń lọ, kò sí wàhálà. Tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dé, omi inú rẹ̀ tí ò pọ̀ á gbóná kíákíá. Lásìkò yẹn, fáànù nìkan ló kù.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti to méjì rí ló gbà wá nímọ̀ràn. Wọ́n ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ fa wáyà láti bátìrì sí súwíìṣì, láti súwíìṣì sí fáànù. Kí awakọ̀ máa wo géèjì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí." A gbọ́, a ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, a há sójú ọ̀nà. Awakọ̀ wa ò gbàgbé o. Ó rí i pé omi ń gbóná, ó tan súwíìṣì. Fáànù yí díẹ̀, ó dákẹ́. Nínú ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn, ta ló máa gbọ́ pé fáànù dákẹ́? A gbọ́ òórùn ike tó ń jó, a rò pé mọ́tò iwájú ni. Nígbà tí èéfín omi fi bo gíláàsì, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Top gasket ti lọ. Owó tá a fi oṣù mẹ́jọ kó jọ bá a lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Súwíìṣì ló yọ́ nínú. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Fáànù náà ń fa áńpíà 15. Tí ojú irin inú súwíìṣì bá ti dọ̀tí díẹ̀, tó ń dí iná lọ́nà pẹ̀lú 0.1 ohm péré, ooru wáàtì 22.5 ló máa wà lójú kan ṣoṣo. Kò jìnnà sí ti irin tí ẹlẹ́rọ rédíò fi ń jó òjé. Fíúsì ò já, torí iná tó ń kọjá ò pọ̀ jù. Fíúsì ń ṣọ́ wáyà ni, kò ṣọ́ súwíìṣì tí kò kájú ìwọ̀n.

Oògùn rẹ̀ ni relay. Ọba kì í ru ẹrù. Ó ń rán ìránṣẹ́ ni. Iná ńlá á gba fíúsì tó sún mọ́ bátìrì kọjá, á wọ ẹsẹ̀ 30, á jáde ní 87 lọ sí fáànù. Ẹsẹ̀ 85 àti 86 ló ń gba àṣẹ, àṣẹ ọ̀hún ò sì tó áńpíà 0.2. Ta ló ń pàṣẹ? Súwíìṣì ooru tó wà lára ràdíétọ̀. Tiwa ń tan ní 92, ó ń pa ní 87. Àlàfo márùn-ún yẹn ṣe pàtàkì: tí títàn àti pípa bá wà lójú kan náà, fáànù á máa tan á máa kú bíi gílóòbù tó fẹ́ jó.

Wọ́n á ní, "Relay náà lè bàjẹ́." Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tá a fi fi súwíìṣì ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìṣì ooru, kí awakọ̀ lè pàṣẹ fúnra rẹ̀ tí èyí tó wà lára ràdíétọ̀ bá kú. A tún so iná kékeré kan mọ́ ẹsẹ̀ 87, kì í ṣe mọ́ súwíìṣì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù, ẹ gbọ́ o: iná yẹn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sọ ohun tá a pàṣẹ. Tá a bá ti tẹ súwíìṣì tí iná ò tàn, relay ti dákẹ́ nìyẹn, ká tètè pa ẹ́ńjìnnì.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn, a fẹ́ fi Arduino ṣe é, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù. Ká máa kọ kóòdù fún iṣẹ́ tí irin kékeré kan ti ń ṣe láìsùn! Ìgbéraga ni. A pa kóòdù náà rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé náà. Ẹni tó bá ní mọ́tò ní Nàìjíríà mọ "dáírẹ́ẹ̀tì": ríwáyà á so fáànù mọ́ ìgnísọ̀n, tí kọ́kọ́rọ́ bá ti yí, fáànù ti ń yí, kò ní sinmi. A ò bú ríwáyà. Ẹni tí sẹ́ńsọ̀ ayédèrú ti já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ò ní ra ìkẹrin. Àti pé jẹnẹrétọ̀ mọ́tò lágbára láti gbé e. Ti alùpùpù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ò ju nǹkan bíi wáàtì 400 lọ, ìyẹn tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Fáànù ti gba 180, iná iwájú méjì gba 110, ẹ ò tíì ka pọ́ńpù epo. Nígbà tí mọ́tò bá sì dúró nínú sún-kẹrẹ, agbára yẹn tún ń wálẹ̀. Dáírẹ́ẹ̀tì á fa bátìrì gbẹ ni.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, a gbà. Ṣùgbọ́n alákàn kì í wa mọ́tò. Kì í wo dígí ẹ̀yìn, kì í wá ọ̀nà àbùjá. Ojú tó ń ṣọ́ ọ̀nà ò gbọ́dọ̀ tún máa ṣọ́ omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń náwó sórí àga aláràbarà àti ọ̀dà tó ń dán, tẹ́ ẹ ní relay ti pọ̀ jù, ẹ ò mọ̀ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni?

Ẹ̀gbọ́n wa ṣì ń bínú. Wọ́n ní a ti sọ mọ́tò di kọ̀ǹpútà. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Relay kan, fíúsì kan, súwíìṣì ooru kan, iná kékeré kan, àti ẹ́ńjìnnì kẹta tá ò fẹ́ rà.