Kọ́kọ́rọ́ Wà ní Sinimá, Ògiri Lanu ní Monrovia

Mamba Point ni àdúgbò orí òkè létí òkun tí ilé aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà wà ní Monrovia. Bí olùgbé ibẹ̀ bá fẹ́ wo fíìmù Nàìjíríà lọ́sẹ̀ tí ó jáde ní Èkó, yóò ṣòro kí ó tó rí i lọ́nà tí ó bófin mu. Ayédèrú rẹ̀ kò ní í ṣòro rí. Ibí yìí ni ó yẹ kí àríyànjiyàn lórí olè fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú yàrá ẹ̀rọ.

Yàrá ẹ̀rọ ti le tó. Láti 2005 tí àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá ní Hollywood ti gbé ìlànà DCI kalẹ̀, fíìmù máa ń dé sinimá nínú àmì àṣírí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, KDM, ni wọ́n sì máa ń fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe kọ́kọ́rọ́ náà fún nìkan ni ó lè lò ó, láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí ọjọ́ bá kọjá, ó di òfo. Bí ẹnikẹ́ni bá tú ẹ̀rọ wò, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò pa àṣírí inú rẹ̀ rẹ́. Bí fíìmù bá sì ti ń lọ, àmì kan tí ojú kò lè rí ń wọnú àwòrán, ó ń sọ ilé sinimá àti àkókò.

Olè kì í bá irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ jà. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó jókòó, ó gbé fóònù sókè. *Máàmi* ti Túndé Kèlání àti *October 1* ti Kunle Afolayan kò bọ́ lọ́wọ́ àwọn onísẹ́ ayédèrú.

Ẹlẹ́rìí ni àmì inú àwòrán, ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ẹlẹ́rìí lọ sí kóòtù? Nàìjíríà ní Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023. Liberia ní òfin tirẹ̀ láti 2016, ó sì ní iléeṣẹ́ ìjọba fún un. Láti 1975 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ti jọ wà nínú ECOWAS. Síbẹ̀, ọlọ́pàá Monrovia tí iṣẹ́ ìgboro ti wọ̀ lọ́rùn kò ní fi ẹjọ́ fíìmù Èkó ṣe àkọ́kọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí i.

Ẹ̀bi àwọn tí ń tajà fíìmù wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi ọjà sílẹ̀ fún olè, wọ́n wá ń sunkún. Àwọn ilé fídíò Monrovia, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì àti jẹnẹrétọ̀ wọn, ni sinimá tálákà. Dípò kí wọ́n máa retí kí ìjọba kó wọn, kí wọ́n ta ìwé àṣẹ ọlọ́sẹ̀ kan fún wọn ní owó pọ́ọ́kú, lọ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú Èkó. Àwọn kan yóò sọ pé wọn kò ní san án. Òótọ́ ni pé gbogbo wọn kò ní san. Ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ti ń san owó ìwọlé tipẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe fíìmù ni owó náà kò dé.