Ọdún Tí A Fi Ọwọ́ Ṣiṣẹ́ Kì Í Ṣe Ọdún Òfo



Ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú mọ́. Òun ni bí a ti ń ka ọdún ẹ̀kọ́ àti ọdún iṣẹ́ fún ẹni tó ń tọrọ ìwé àṣẹ láti lọ máa gbé ní ilẹ̀ òkèèrè gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ òye. Àwọn kan nínú wa ń wí pé ẹni tó fẹ́ lọ ni ọ̀ràn náà kàn, pé kò kan àwa tí a dúró. Irọ́ ni. Ìwé tí ìjọba òkèèrè ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ, ìwé náà gan-an ni agbanisíṣẹ́ kọ̀ láti fún ẹni tó dúró.

Ẹ jẹ́ kí a fi Nkololoun ṣe àpẹẹrẹ. Ọjà ńlá ni, ní New Bell, nílùú Douala, ní Kamẹrúùnù tí í ṣe aládùúgbò wa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn àlejò, ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, ti ń gbé ní New Bell. A yan ibẹ̀ nítorí pé èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba ní Kamẹrúùnù, àwọn méjèèjì yìí náà sì ni èdè ìjọba ní Kánádà. Bí òṣùwọ̀n Kánádà bá wá ṣòro fún òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èdè méjèèjì, a ó mọ̀ pé ti èdè kọ́.

Ẹ fojú inú wo wẹ́dà kan níbẹ̀, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó parí ilé-ìwé girama. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta láìgba owó oṣù. Òun gan-an ló san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ṣiṣẹ́ gba owó fún ọdún méje.

Láti ọdún 1967 ni Kánádà ti ń fi máàkì yan àwọn tó ń wọlé. Lónìí, 67 nínú 100 ni oníṣẹ́ òye gbọ́dọ̀ ní kí orúkọ rẹ̀ tó lè wọ inú ètò Express Entry, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015. Ẹ̀kọ́ lè mú 25 wá, èdè 28, iṣẹ́ 15, ọjọ́ orí 12. Ogún tó kù wà fún ẹni tí agbanisíṣẹ́ ti ń dúró dè lọ́hùn-ún, tàbí ẹni tó ní ìbátan àti irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá bá wa ṣírò. Ìwé ẹ̀rí girama, máàkì 5. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 15. Ọjọ́ orí, 12. Ká ní ó tilẹ̀ gba gbogbo máàkì èdè, 28. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹ wo ojúgbà rẹ̀ tó gboyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, tó sì ṣiṣẹ́ ọdún kan péré nínú ọ́fíìsì. Ẹ̀kọ́, 21, iṣẹ́, 9, ọjọ́ orí, 12, èdè, 28. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. A kò bá akẹ́kọ̀ọ́jáde jà, ọmọ Ẹgbẹ́ wa ni òun náà. Ṣùgbọ́n irú òṣùwọ̀n wo ni èyí?

Ọdún ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́ta ńkọ́? Wọn kò kà á sí ẹ̀kọ́, nítorí kò sí ilé-ìwé tó fi ìwé ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Wọn kò sì kà á sí iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ tí a kò gba owó fún kì í wọ inú ìṣirò wọn. Ó bọ́ sí àárín méjì.

Wọn yóò ní ọ̀nà mìíràn wà fún oníṣẹ́ ọwọ́. Òótọ́ ni. Láti 2013 ni ètò kan ti wà tí kò béèrè ìwé girama, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọdún méjì láàárín ọdún márùn-ún ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti rí iṣẹ́ ní Kánádà, tàbí kó ti ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ ibẹ̀. Ta ni yóò rí èyí gbà láti inú ṣọ́ọ̀bù ní Nkololoun? Ní ti télọ̀, ìtò iṣẹ́ Kánádà ti ọdún 2021 kò tilẹ̀ kà á mọ́ àwọn tí ètò wọ̀nyí ń pè ní oníṣẹ́ òye.

Àwọn tó gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn agbanisíṣẹ́ nílé náà jẹ̀bi. Lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ tí Kánádà ń béèrè gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ipò, ohun tí òṣìṣẹ́ ń ṣe, wákàtí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, owó tó ń gbà àti ọjọ́ tó fi ṣe é. Òfin Iṣẹ́ Kamẹrúùnù ti 14 Oṣù Kẹjọ 1992 fi dandan lé e pé kí agbanisíṣẹ́ fún ẹni tó ń lọ ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde àti irú iṣẹ́ tó ṣe nìkan ni ìwé náà ń sọ. Ní Nàìjíríà, ìpín keje Òfin Iṣẹ́ pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ti gba ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀, kó tó pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mélòó nínú yín ló ní tirẹ̀ lọ́wọ́?

Nítorí pé a kò ní in, àwọn oníjìbìtì ń ta ayédèrú lẹ́tà fún wa. Ẹ ṣọ́ra! Bí Kánádà bá mú ẹni tó purọ́, ọdún márùn-ún ni kò fi ní lè wọ ibẹ̀.

Àwọn kan yóò bi wá pé, ṣé Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ló yẹ kó máa ran ènìyàn lọ́wọ́ láti fi ìlú sílẹ̀? Ìdáhùn wa nìyí. Ìwé náà la ó fi gba owó ìfẹ̀yìntì, òun la ó fi gba owó ìtanràn bí ẹ̀rọ bá gé wa níka, òun la ó gbé lọ sí kóòtù bí wọ́n bá lé wa láìtọ́. Bí ọ̀gá bá mọ̀ pé ẹ̀rí iṣẹ́ wa wà lọ́wọ́ wa, yóò bọ̀wọ̀ fún wa.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ó máa béèrè ní gbogbo ìjókòó ìdúnàádúrà. Èkínní, kí gbogbo òṣìṣẹ́ gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún, lọ́dọọdún. Èkejì, kí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ìwé àdéhùn, owó àti ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fọwọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí Ìmọ̀ràn 208 tí àjọ ILO ṣe ní Oṣù Kẹfà 2023 ti là á sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ìjọba wa bá àwọn ìjọba tó ń kó òṣìṣẹ́ wa lọ sọ̀rọ̀, kí ìmọ̀ ọwọ́ tí a dánwò tó sì yege ní ìwọ̀n tirẹ̀ lórí òṣùwọ̀n wọn.

Lónìí, kí olúkúlùkù lọ béèrè ìwé tirẹ̀. Bí ọ̀gá bá kọ̀ fún ẹnì kan, kí gbogbo ẹ̀ka dìde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.