Ẹ Fi Okùn Òfin Di Àpò Òkè-Fìà

Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Báyìí ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn ìjọba, àgbà a jẹ tán, a bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni í ru igbá.

Àwa ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò wá ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ láàrin ọdún 2014 sí 2015, ìjọba wa ti tọrùn bọ gbèsè. Láti oṣù Keje ọdún 2015, òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ipele kejìlá sókè bẹ̀rẹ̀ sí gba ààbọ̀ owó oṣù, ọ̀pọ̀ oṣù sì kọjá lórí rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà ni ó ni òwò òṣómàáló. Oníṣòwò a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, kò sì ní dìde títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Ẹni tí ó yá ìjọba lówó lónìí kò tilẹ̀ ní í lóṣòó sí Òkè-Fìà, níbi tí ilé ìjọba wà. Àbújá ni a ti ń yọ tirẹ̀ kúrò nínú ìpín wa, kí ìyókù tó dé Òṣogbo.

Òfin kò ṣàìsí. Ẹsẹ̀ 120 nínú Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú owó kúrò nínú àpò ìpínlẹ̀, àfi èyí tí Ìwé Òfin náà tàbí òfin Ilé Aṣòfin bá yọ̀ǹda. Ní Àbújá, Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ní kí owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ báńkì náà má ṣe ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé ní ọdún tí ó ṣáájú. Síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tírílíọ̀nù 22.7 náírà irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ni Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí, lẹ́yìn tí a ti ná an tán. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí ewúrẹ́ jẹ iṣu tán, kí ni ó ń ṣọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣòfin Ọ̀ṣun, ẹ fi ààlà sí owó tí Gómìnà lè ná ní orúkọ ètò ààbò. Ẹ ka ìwé Olùyẹ̀wò Owó ní gbangba. Ẹ má fọwọ́ sí gbèsè tuntun títí a ó fi fi ibi tí a ó ti san án hàn yín.

Àwọn kan yóò wí pé a fẹ́ di Gómìnà lọ́wọ́ nígbà tí omíyalé tàbí ìjà bá dé. Rárá o. Ẹsẹ̀ 123 fàyè sílẹ̀ fún owó pàjáwìrì, bí ó bá ti lè mú ìṣirò rẹ̀ wá síwájú yín. Ìbáà ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ó wà ní Òkè-Fìà, ohun kan náà ni a ó wí.

Láyé àtijọ́, onígbèsè a fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. A kò dìbò fún ẹnikẹ́ni kí ó lè fi ọmọ tiwa ṣe é. Okùn àpò náà ń bẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ dì í.